Rule 30 àti ìkarahun ìgbín òkun: ẹ rọra o
Ẹ̀yin tí ẹ ń pín àwòrán ìkarahun Conus textile, ìgbín òkun kan, kiri, tí ẹ ń sọ pé ó ti dájú pé Rule 30 (òfin kékeré kan tí kọ̀ǹpútà lè fi ya àpótí dúdú àti funfun, ìlà lórí ìlà) ni ìgbín náà fi ń ya ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jọra lóòótọ́: onígun mẹ́ta ńlá àti kékeré ló kún inú àwòrán méjèèjì. Nínú Rule 30, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Wolfram gbé jáde ní 1983, àpótí kọ̀ọ̀kan á wo ara rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì kó tó di dúdú tàbí funfun ní ìlà tó kàn. Ìkarahun náà, etí rẹ̀ nìkan ló ti ń gùn sí i, ìlà lórí ìlà, bíi ti Rule 30. (Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà láàyè o, oró rẹ̀ léwu.)

Àmọ́ òfin tó yàtọ̀ síra lè bí àwòrán kan náà. Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ermentrout, Campbell àti Oster fi iṣẹ́ iṣan ìmọ̀lára ìgbín ṣàlàyé irú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Hans Meinhardt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, fi kẹ́míkà tó ń ru àwọ̀ sókè àti èyí tó ń dá a dúró ṣe àlàyé tirẹ̀. Òun náà rí onígun mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí ìgbín ń lò gan-an, ẹran ara rẹ̀ ni kó yẹ̀ wò. Fọ́tò ò lè sọ ìyẹn.