Sípídómítà ń parọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì? Mítà kọ́ ló bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ bá ti bá ẹ́ńjìnnì mu, tó sì ń wọ gíà, iṣẹ́ ti parí. Bí sípídómítà bá wá ń ka 100 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 90, wọ́n á ní mítà ló bàjẹ́, kí ọlọ́kọ̀ lọ ra òmíràn. Wọ́n á tú dáṣíbọọ̀dù, owó á lọ, mítà mìíràn á wọlé, òun náà á tún ka 100. Kò sí bí kò ṣe ní í kà á bẹ́ẹ̀.

Mítà kò mọ eré. Iye ìgbà tí kébù yí ló ń kà, tàbí, lára ọkọ̀ tí kò ní kébù, iye ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ ránṣẹ́ sí i. Gíà oníke kékeré kan lára gíábọ́ọ̀sì ló ń yí kébù tàbí sẹ́ńsọ̀ náà, gíà mìíràn nínú gíábọ́ọ̀sì ló sì ń yí òun. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló yan iye eyín àwọn méjèèjì kó lè bá táyà àti axle (ọ̀pá tó ń yí táyà, pẹ̀lú gíà rẹ̀) ọkọ̀ yẹn gan-an mu. Gíábọ́ọ̀sì tó ti ara ọkọ̀ mìíràn wá, ìṣirò ọkọ̀ tó ti wá ló gbé dání.

Ẹ wo Hiace àtijọ́, tàbí ọkọ̀ mìíràn tí táyà ẹ̀yìn ń tì. Gíà kékeré yẹn wà ṣáájú pùròpẹ́là, axle wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí gíábọ́ọ̀sì bá ti ara ọkọ̀ tí axle rẹ̀ jẹ́ 4.1 wá (ìyẹn ni pé pùròpẹ́là á yí ní ìgbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tó bọ́ sínú èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 4.556, pùròpẹ́là á máa yí ju bí wọ́n ṣe ṣírò fún gíà náà lọ. Ẹ fi 4.1 pín 4.556, ẹ ó rí 1.11. Ohun tó sọ 90 di 100 nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, ara differential (gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) inú gíábọ́ọ̀sì ni gíà ti ń gba yíyí rẹ̀, nítorí náà eyín àti táyà nìkan ló kù láti yẹ̀ wò.

Kí owó tó jáde, ẹ dán èyí wò. Ẹ dá trip (nọ́ńbà máílèèjì tó ṣeé dá padà) sí 0, ẹ tan GPS fóònù (kí ẹlòmíràn mú un dání, kì í ṣe awakọ̀), kí ẹ sì wa ọkọ̀ fún kìlómítà 20. Nínú mítà oníkébù, kébù kan náà ló ń yí ọwọ́ mítà àti nọ́ńbà máílèèjì. Ṣùgbọ́n eyín gíà ló ń yí nọ́ńbà, kì í yọ̀. Òòfà àti sípíríǹgì tín-ín-rín ló ń gbé ọwọ́, àwọn wọ̀nyí sì lè rẹ̀. Bí trip bá ka 20 géérégé tí ọwọ́ nìkan ń parọ́, ó di ọ̀rọ̀ mítà. Bí trip bá ka 22.2, gíà ni. Trip ni kí ẹ gbà gbọ́, nítorí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ka díẹ̀ lé: òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí sípídómítà kò gbà kí ó ka kéré sí eré gidi láé. Bí mítà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, máílì 12.4 ni kìlómítà 20.

Ní báyìí, ẹ tú gíà oníke náà jáde. Bóòtù kan ló sábà máa ń dì í mú. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí eyín kan kí ẹ tó kà á. Ká ní eyín 29 ni: 29 lọ́nà 22.2, kí ẹ fi 20 pín in, ó jẹ́ 32.2, ẹ ra oníeyín 32. Trip á wá ka 20.1. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á ra èyí tí eyín rẹ̀ kéré. Bí eyín bá ṣe pọ̀ tó ni gíà yìí ṣe ń rọra yí. Oníeyín 26 á sọ 22.2 di 24.8.

Wíwọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Gíà tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i fẹ̀ sí i. Nínú Jeep Cherokee tó ní transfer case NP231 (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ẹ̀yìn), ilé gíà náà ní àmì 26 sí 31, 32 sí 38 àti 39 sí 45. Láti 29 lọ sí 32, ẹ gbọ́dọ̀ yí ilé náà sí àmì kejì. Bí ẹ kò bá yí i, eyín á fún jù, á sì jẹra wọn. Ẹ fi O-ring (rọ́bà roboto tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tuntun sí i, kí ẹ fi ọ́ìlì gíà pa á lára, torí ọ́ìlì tó bá jò níbẹ̀ lè gba inú kébù gòkè dé mítà.

Bí sípídómítà kò bá ka ohunkóhun, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì gbé kóòdù P0500 (àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ eré) jáde, ọ̀rọ̀ eyín kọ́: ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí gíábọ́ọ̀sì kò kàn. Dánfó Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ara táyà òsì iwájú ni kébù rẹ̀ ti ń yí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní sì ń gba eré láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ABS (ti bíréèkì) tó wà lára táyà. Bí èyí bá ń parọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lára táyà: láti 195/65R15 sí 205/65R15 nìkan, ìyàtọ̀ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti wà níbẹ̀.