NDA ni kó kọ síwájú, àbí Ifẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ti pé ọdún 17, ó ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB lọ́wọ́. NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, ló fẹ́ fi sí ipò kìíní. Bàbá ẹ̀ fàáké kọ́rí, ó ní OAU ni. NDA kì í sì í wo ẹni tó bá kọ wọ́n sí ipò kejì. Èwo ni ká ṣe?

Bọ̀dé Ẹlẹ́ṣin: Ẹ kú oríire ọmọ tó wọlé! Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó: Kò tíì wọlé o, fọ́ọ̀mù ló ń kọ. OAU ni ma.

Ṣọ́jà Àná: Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọdún 5 ni: 4 fún ìwé, 1 fún iṣẹ́ ológun. Ẹ ò ní san owó ilé-ìwé, ìjọba ló ń bọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá jáde, Second Lieutenant ni, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀ á ṣì máa há síìfí kiri Èkó.

Ìyá Ìbejì: Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ikú ńkọ́? August 2021, àwọn agbébọn wọ NDA fúnra ẹ̀ ní Afaka, wọ́n pa ọ̀gá ológun 2, wọ́n tún gbé 1 lọ. Nínú ọgbà wọn! Ẹni tó bá bímọ ló mọ̀.

Kúnlé Mẹkáníìkì: Wọn ò kàwé níbẹ̀ jàre, ìbọn ni wọ́n ń kọ́.

Ṣọ́jà Àná: Láti 1985 ni wọ́n ti ń fúnni ní dìgírì. Lọ wádìí.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó: OAU!

Láyí Sábó: Yunifásítì ìjọba wo lẹ ń sọ? Èyí tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tì fún odidi ọdún kan ní 2022?

Tíṣà Àgbà: Oṣù 8 ni. February 14 sí October 14.

Láyí Sábó: Ọdún kan ni. Ilé ni mo wà, ibo lo wà?

Tíṣà Àgbà: Ta lò ń bá sọ "o"? Mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì kí wọ́n tó bí ẹ.

Láyí Sábó: Ẹ má bínú, sà. Àmọ́ ọdún kan ni.

Tíṣà Àgbà: OṢÙ 8! Àdéhùn 2009 tí ìjọba bá àwa olùkọ́ ṣe, tí wọn ò mú ṣẹ, ló fà á. Inú wa ò dùn sí i rárá. Èmi yìí ta ọkọ̀ mi kí n tó rówó ra ìwé fáwọn ọmọ.

Ìdòwú Oníbúrẹ́dì: Inú ìyanṣẹ́lódì yẹn ni mo ti kọ́ búrẹ́dì yíyan o. Ó ń gbóná lọ́wọ́ báyìí, Ṣàgámù ni mo wà.

Bọ̀dé Ẹlẹ́ṣin: Èló ni ti ńlá? Ẹ máa ń gbé e dé Ìkẹnnẹ́?

Ìdòwú Oníbúrẹ́dì: A máa ń gbé e dé ibẹ̀.

Láyí Sábó: 2020 náà ńkọ́? Oṣù 9! Ẹ rò wọ́n pọ̀, sà. Ó lé ní ọdún kan!

Tíṣà Àgbà: 2022 lo pè, Láyí. Má yẹ̀ ẹ́.

Ọmọge Ìlàrọ́: Wọ́n ń gba obìnrin?

Ṣọ́jà Àná: Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2011.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó: Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀. OAU NI.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ jọ̀ọ́, gíga ńkọ́? Mo ní kó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo fi pẹ́ńsù fà á lókè orí ẹ̀. Téèpù bàbá ẹ̀ ní mítà 1.67.

Ṣọ́jà Àná: 1.68 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Ẹ tún un wọ̀n ní kùtùkùtù, kó tó jókòó síbì kankan. Èèyàn máa ń ga díẹ̀ sí i láàárọ̀. Kó bọ́ bàtà o.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn, ìyá. Ẹ jẹ́ kó lọ Ifẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí: Ọmọ náà ti gbọ́. Ó ní òun ò ní sùn mọ́jú.

Láyí Sábó: Sà, mo ti kà á lórí kàlẹ́ńdà. February 14 sí October 14...

Tíṣà Àgbà: Ẹ̀ẹ́n?

Láyí Sábó: Ó ṣe mí bí ọdún kan.