Kí ni wọ́n tún fẹ́ gé lọ́rùn tí MRI ti ní ó mọ́?

Ìdí ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi òòfà ya fọ́tò inú ara, ni mo ti ń jẹun n'Íbàdàn níbí, ìbéèrè yìí kì í sì í tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti Ọjà Ọba na ìwé èsì sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Etí ahọ́n ni jẹjẹrẹ màmá mi wà. Ẹ gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń tú àṣírí yẹn, kò sì bá nǹkan kan lọ́rùn. Dókítà wá ní òun máa kó kókó ọrùn. Àbí owó ló ń wá ni?"

Abẹ́rẹ́ tó ń tú àṣírí! Orúkọ yẹn ló kó bá wa.

Abẹ́rẹ́ náà ò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí eéwo. Gadolinium, irú irin kan tó ń mú kí ibi tó bá dé mọ́lẹ̀ lórí fọ́tò, ló wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì gbà ló ń gbà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya lọ jù, tí iṣan rẹ̀ ń jò, á mọ́lẹ̀ lórí fọ́tò. Gbogbo wa la ní kókó lọ́rùn, tó ń sẹ́ ìdọ̀tí bí asẹ́ ògì. Bí eyín kan ṣoṣo bá kẹ̀, kókó tó wà lábẹ́ àgbọ̀n á wú, á sì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí ti wúlò gan-an ni kókó tí àárín rẹ̀ ti kú: etí rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yípo bí òrùka, inú á ṣú. Tí mo bá rí òrùka yẹn lọ́rùn ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu, àyà mi máa ń já. Síbẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ kókó ọrùn lè ṣe irú òrùka kan náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ò sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí.

Èyí tó kù, wíwọ̀n kókó ni. Mílímítà 10 ní ìbú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà láàárín èyí tó dáa àti èyí tí wọ́n ń fura sí. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu dé inú kókó ọrùn lè má tó mílímítà 2, kó kéré ju hóró yànmọ̀tí lọ. Kókó náà ò ní wú, ìrísí rẹ̀ ò ní yí padà. Àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gé e pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́, kí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó.

Ìdí tí dókítà ò fi dúró nìyẹn. Lọ́dún 2015, èsì ìwádìí kan jáde láti Mumbai ní Íńdíà, lórí èèyàn 500 tí jẹjẹrẹ ẹnu wọn ṣì kéré, tí ọwọ́ ò ba kókó kankan lọ́rùn wọn. Wọ́n kó kókó ọrùn àwọn kan lọ́jọ́ tí wọ́n gé ti ẹnu. Ti àwọn yòókù, wọ́n ní ó di ìgbà tí jẹjẹrẹ bá fara hàn lọ́rùn. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú 100 àwọn tí wọ́n kó tiwọn, 80 ló wà láyé. Nínú 100 àwọn tí wọ́n ní kó dúró, kò pé 68.

Mo fi ìka tẹ ìlà kan lórí ìwé rẹ̀. "Ẹ wò ó, àǹtí. 'A ò rí' ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ 'kò sí'."

Ó ká ìwé náà sínú báàgì. "Màmá á ṣì lè gbé apá wé gèlè?" Mo ní kó bi dókítà bẹ́ẹ̀ gan-an, torí iṣan ìmọ̀lára tó ń darí èjìká gba àárín àwọn kókó yẹn kọjá.