Ẹ Dá Bọ́tìnnì Padà Sínú Ọkọ̀

Ta ló bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ bọ́tìnnì éésì kúrò nínú ọkọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọkọ̀ bọ̀gìnnì, láti Jámánì títí dé Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwa dírẹ́bà tí à ń fi ọkọ̀ yín jẹun ní Abuja kò sọ rí pé bọ́tìnnì ń dí wa lọ́wọ́. A ò wá bá yín pé kókó tí a fi ń yí ohùn rédíò ti pọ̀ jù. Ẹ kàn kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ gbé gíláàsì dúdú gbàǹgbà kan sí àárín dáṣíbọọ̀dù, ẹ ní ìlọsíwájú nìyẹn. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mò ń ṣe. Ọ̀gá ló ni ọkọ̀, èmi ni mo wà nídìí sítíárìn, ẹ̀mí àwa méjèèjì sì wà lọ́wọ́ mi láti Kubwa títí dé Central Area, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nínú ọkọ̀ tí mo fi ń gbé wọn tẹ́lẹ̀, bí ọ̀gá bá ní "Dín éésì yẹn kù," ọwọ́ mi á ti débẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìka mi mọ kókó éésì yàtọ̀ sí ti rédíò. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, bí mo bá sì ń yí i, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí n óò fi mọ ibi tí mo yí i dé. Ojú mi kì í kúrò lójú títì. Ní báyìí, ó di kí n kọ́kọ́ wo sìkíríìnì. Kí n tẹ ibi tí wọ́n ya fáànù sí nísàlẹ̀. Kí n dúró kó ṣí. Kí n wá ti ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni ọ̀gá jókòó sí, ti iwájú sì wà lọ́tọ̀. Kí n wá fi ìka fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí táyà bá wọ kòtò lásìkò yẹn, ìka á yẹ̀, ohun tí n kò wá á ṣí, mo tún di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títì Kubwa ni mo sì wà o, níbi tí èrò ti ń sáré sọdá lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ dípò kí wọ́n gba orí rẹ̀, tí ọkọ̀ akérò ń dúró lójijì torí pé ẹnì kan na ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Àwọn Road Safety kò gbà kí a di fóònù mú nídìí sítíárìn. Wọ́n tọ̀nà, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń wo fóònù kò wo títì. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín fóònù ọwọ́ mi àti èyí tí ẹ kàn mọ́ dáṣíbọọ̀dù, tó tóbi ju fóònù lọ fíìfíì? Bí mo bá gbé fóònù, wọ́n lè dá mi dúró ní Berger kí wọ́n kọ ìwé fún mi. Bí mo bá tẹjú mọ́ sìkíríìnì nínú òjò nítorí wáípà, kò sẹ́ni tó máa bi mí.

Ní Jámánì, ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ gbangba pé ìyàtọ̀ kò sí. Awakọ̀ kan ń wa Tesla nínú òjò líle, ó fẹ́ kí wáípà máa yára sí i, orí sìkíríìnì sì ni ètò yẹn wà. Ibi tó ti ń wò ó ni ọkọ̀ ti yà kúrò lójú títì, ó kọlu àmì ojú pópó àti igi. Ilé-ẹjọ́ gíga ti Karlsruhe dá a lẹ́jọ́ ní 2020 pé ìwà ẹni tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ ló hù: ìtanràn 200 yúrò, kó má sì wakọ̀ fún oṣù kan. Nígbà tí mo gbọ́ ìdájọ́ yẹn, ńṣe ni inú tún bí mi sí i. Awakọ̀ ló jìyà. Ìdájọ́ kò kan àwọn tó gbé wáípà lọ síbi tó jẹ́ pé ojú ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi wá a.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2001 ni BMW gbé iDrive jáde nínú 7 Series. Wọ́n kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì sábẹ́ kókó kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, èèyàn á máa yí i, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa wo sìkíríìnì. Àwọn awakọ̀ pariwo nígbà náà pé ó le jù. Síbẹ̀, kókó yẹn sàn, ó kéré tán ó ṣeé dì mú. Tesla wá gbé sìkíríìnì ínǹṣì 17 sínú Model S ní 2012, gbogbo wọn bá sá tẹ̀ lé e. Ní 2021, Mercedes gbé Hyperscreen sínú EQS, gíláàsì kan tó fẹ̀ ní 141 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. BMW fúnra wọn ti yọ kókó yẹn kúrò nínú díẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ wọn tó kéré.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó gbọ́ ohun tí ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Vi Bilägare, ṣe ní 2022. Wọ́n kó ọkọ̀ ìgbàlódé 11 jọ, wọ́n fi Volvo V70 ti 2005 kan kún un, ọkọ̀ oníbọ́tìnnì tí àwọn èèyàn ti ń pè ní àlòkù. Wọ́n sá eré 110 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n ní kí awakọ̀ ṣe àwọn nǹkan kéékèèké bíi kó yí rédíò, kó sì mú inú ọkọ̀ móoru sí i. Volvo àtijọ́ yẹn parí gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó ti rin mítà 306. BMW iX rin mítà 928 kí awakọ̀ tó parí. MG Marvel R ló gbẹ̀yìn: ìṣẹ́jú-àáyá 44.9, mítà 1,372.

Pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti dán an wò, níbi tí kò sí ohun tó ń sọdá. Ẹ wá gbé mítà 928 yẹn sórí títì Abuja sí Lokoja lálẹ́, láàárín Gwagwalada àti Abaji. Tírélà tí kò ní iná ẹ̀yìn wà nínú mítà 928 yẹn. Màlúù tó ń sọdá wà níbẹ̀. Ibi tí apá kan títì ti bàjẹ́ wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gba ẹyọ ọ̀nà kan. Èmi ni kí n máa wá àwòrán fáànù kiri níbẹ̀?

Kódà àwọn ológun kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, USS John S. McCain, kọlu ọkọ̀ epo kan nítòsí Singapore ní oṣù kẹjọ 2017, èèyàn 10 kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, sìkíríìnì tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ náà wà lára ohun tó dà wọ́n lórí rú. Ní 2019 ni wọ́n sọ pé àwọn yóò dá ọ̀pá tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì padà. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n pọ̀ nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Èmi nìkan ni mo wà nídìí tèmi, láàárín Nyanya àti Mararaba, ọlọ́kadà lápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ Márúwá lápá òsì.

Ibi tí àwa dírẹ́bà ti máa ń dúró de ọ̀gá, nídìí mai shayi tó ń ta tíì, ọ̀rọ̀ yìí kì í tán. Bàbá ará Ọ̀fà kan, tí gbogbo wa ń pè ní Alàgbà, sọ pé àwọn kì í fọwọ́ kan sìkíríìnì mọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Bí Mádàámù bá ní kí wọ́n yí nǹkan, wọ́n á wá ibi tó dáa, wọ́n á páàkì, wọ́n á yí i, wọ́n á tún máa lọ. Mádàámù ń bínú pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Alàgbà ní kí wọ́n máa bínú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé lálẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Àbúrò wa kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà fẹ́ràn sìkíríìnì tirẹ̀, ó ní máàpù ibẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ èyí tó ká mi lára jù. Nínú ọkọ̀ tó ń wà, orí sìkíríìnì ni wọ́n ti ń ṣí pigeon hole, àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ tí à ń kó ìwé sí. Àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá a dúró, wọ́n ní kó mú ìwé ọkọ̀ wá. Ìwé wà nínú pigeon hole. Sìkíríìnì ti dákú láti àárọ̀. Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó jí ọkọ̀ gbé. Pigeon hole! Ohun tí ọmọdé ń fi ìka kan ṣí! Kí ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú ọ̀rọ̀ pigeon hole?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpè fóònù kan. Fóònù ọ̀gá ti so mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àlejò jókòó tì wọ́n lẹ́yìn. Ìpè wọlé, ọ̀gá gbé e sétí, ohùn ẹni tó pè gba inú ọkọ̀ kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ owó tí kò yẹ kí àlejò gbọ́. Ọ̀gá ń pariwo pé "Pa á! Pa á!" Níbo ni n óò ti pa á? Ní ayé bọ́tìnnì, ẹ̀ẹ̀kan ni n óò yí kókó, ohùn á ti wálẹ̀.

Àwọn tó ṣe nǹkan yìí ò mọ oòrùn Abuja. Ní oṣù kẹta, bí a bá páàkì sí gbangba láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí kò sí igi kankan, sìkíríìnì á gbóná débi pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó dìgbà tó bá wù ú kó tó dáhùn. Bí oòrùn bá ta sí i lójú, o ò ní rí nǹkan kan àfi àtẹ̀ka. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó, o nù ún lẹ́ẹ̀kan, o ti tẹ nǹkan mẹ́ta. Tòkúnbọ̀ tún burú jù. Èyí tó wá láti Jámánì ń fi èdè Jámánì bá ọ sọ̀rọ̀, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà ń fi máìlì ka eré, máàpù inú rẹ̀ kò mọ ibi tí Náíjíríà wà. Wọ́n ní kí a máa fi ẹnu pàṣẹ fún un. Mo bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mi, tí gbogbo Abuja ń gbọ́, kò gbọ́. Yorùbá ńkọ́? Hausa ńkọ́? Kò gbọ́ ọ̀kankan.

Bó bá wá bàjẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń di tèmi. "Kí lo tẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn nígbà gbogbo. Mi ò tẹ nǹkan kan! Mo sìtáàtì ọkọ̀, ojú sìkíríìnì ṣú, éésì kú, kámẹ́rà ẹ̀yìn kú, rédíò kú, nígbà kan náà, torí ẹ ti so gbogbo wọn mọ́ ọrùn kan. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ríwáyà Apo ì bá fi fíúsì àti wáyà kékeré yanjú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti di pé kí á wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí o bá tiẹ̀ rí sìkíríìnì àlòkù rà, ọkọ̀ lè kọ̀ ọ́, á ní kì í ṣe tòun, àfi kí wọ́n ṣe coding rẹ̀, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà so ó mọ́ ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọwọ́ wa ló ń bà á jẹ́. Ní 2021, Tesla pe nǹkan bí 135,000 Model S àti Model X padà ní Amẹ́ríkà, torí pé ibi tí kọ̀ǹpútà sìkíríìnì ń kó nǹkan pamọ́ sí ń gbó, bó bá sì ti gbó, kámẹ́rà ẹ̀yìn lọ nìyẹn. Ṣé dírẹ́bà Abuja ló tẹ ìyẹn náà?

Kámẹ́rà ẹ̀yìn dáa, máàpù dáa, mi ò bá wọn jà. Ẹ fi sìkíríìnì síbẹ̀ fún wọn. Ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí táyà ń yí ni kí ẹ dá padà fún ọwọ́. A mọ ìdí tí ẹ fi yọ wọ́n. Sìkíríìnì kan kò ná yín tó bọ́tìnnì àti wáyà lóríṣiríṣi, ẹ sì lè padà wá tà wá ní ohun tí a ti rà. Ní 2022, BMW ní kí àwọn ará South Korea máa sanwó lóṣooṣù kí ìjókòó tó ti wà nínú ọkọ̀ wọn tó lè gbóná. Ariwo pọ̀ káàkiri ayé, wọ́n fi sílẹ̀ ní 2023. Euro NCAP, tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ti sọ pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ márùn-ún gbọ́dọ̀ ní ohun tó ṣeé fọwọ́ dì mú fún tìráfíkétọ̀, wáípà, fèrè àti iná pàjáwìrì. Volkswagen náà ti ní àwọn ń dá bọ́tìnnì padà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni àwọn wọ̀nyẹn máa lò kí wọ́n tó di tòkúnbọ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn tí ẹ ti ṣe sílẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ wọlé báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá wa, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú dírẹ́bà yín dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ jẹ́ kó jókòó sídìí sítíárìn. Ẹ ní kó di ojú, kó fi ọwọ́ wá éésì, kó wá wáípà, kó wá iná pàjáwìrì, kó dín ohùn rédíò kù. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá rí wọn, ẹ má rà á.