Ọ̀kan Náà Kọ́ Ni Gbogbo Wọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí fẹ́ràn láti máa sọ fún mi: "Bàbá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ sọ ohun tí irọ́ náà ti fi ojú ọmọ ọlọ́mọ rí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fèrè idẹ fífọn ní ìjọ wa. Ohun tí ó máa ń ni wọ́n lára jù ni kí orin má sáré, kí ó má sì falẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣe ẹ̀rọ kékeré mẹ́ta tí ń ka ìlù, èyí tí àwọn tí ó kàwé orin ń pè ní métronome, kí wọ́n lè máa gbé e lọ sílé láti fi dánra wò. Iṣẹ́ náà kò le. Áísì 555, ẹ̀yà kékeré tí ń ka àkókò, tí Hans Camenzind ṣe ní ọdún 1971, ni ọkàn rẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún tí aráyé ti ń lò ó, ìṣirò rẹ̀ kò sì pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kapasítọ̀ 10 µF (µF ni a fi ń wọn bí iná tí ó lè gbà ti pọ̀ tó), tí àwa níbí ń pè ní condensateur, ni yóò máa gba iná sínú tí yóò sì máa tú u jáde, nígbà tí rẹsísítọ̀, tí ń dín ìṣàn iná kù, 1 kΩ àti 22 kΩ pẹ̀lú fọ́lúùmù 100 kΩ tí a ń fọwọ́ yí yóò máa sọ bí yóò ti yá tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ̀rọ náà yóò lè kà láti nǹkan bí 35 títí dé 190 ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kapasítọ̀ yẹn ni gbogbo nǹkan wà. Bí ó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, 60 yóò di 75. Bí ó bá fi bẹ́ẹ̀ lé, 60 yóò di 50. Àwọn tí ó ń ṣe irú kapasítọ̀ oníkèémíkà yìí, tí omi kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, fúnra wọn sọ pé ó lè fi 20% lé tàbí kí ó fi 20% dín, tuntun ni wọ́n sì ń sọ o! Rẹsísítọ̀ sàn jù ú lọ, nítorí ìlà aláwọ̀ wúrà tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ fún ọ pé àṣìṣe rẹ̀ kò ju 5% lọ.

Nítorí èyí ni mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Ouando, tí mo béèrè kapasítọ̀ onírọ́bà, tí kò ní omi nínú, 1 µF tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 5% lọ, kí n lè fi fọ́lúùmù 1 MΩ, tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́, tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ń tajà níbẹ̀ kò ní in. Ó bu 10 µF oníkèémíkà mẹ́ta láti inú ọ̀rá, ó ní ọ̀kan náà ni. Nígbà tí mo fẹ́ yọ tẹ́sítà mi, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀yà iná, jáde láti wọ̀n wọ́n, ó fajú ro, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?" Ojú tì mí, mo dá tẹ́sítà padà sínú àpò. Ìtìjú yẹn ni mo ṣì ń bínú sí títí di òní.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dé, ó sì ń fọn orin náà bí ẹni tí ajá ń lé. Mo bá a wí gidigidi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín ni mo tẹ̀ lé." Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, mo yí i sí 60, mo wo aago, mo sì kà á: 74 ni. Èkejì ka 57, ẹ̀kẹta ka 66. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí mo ya àmì kan náà sí lójú!

Mo tú wọn, mo sì wo kapasítọ̀ náà dáadáa. Ẹsẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kapasítọ̀ tuntun máa ń ní ẹsẹ̀ kan tí ó gùn ju èkejì lọ, òjé àtijọ́ tí wọ́n fi jó wọn mọ́ ẹ̀rọ mìíràn sì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Wọ́n yọ wọ́n lára rédíò tí ó ti kú ni. Ooru àti ọjọ́ orí a máa gbẹ omi inú irú kapasítọ̀ bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀. Àlòkù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwa náà ń rà á. Ẹni tí ó tà á bíi tuntun ni ó jalè.

Kútọnú ni mo ti rí kapasítọ̀ onírọ́bà náà níkẹyìn, owó takisí tí mo fi lọ ju owó ọjà lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Kí wọ́n sọ pé àlòkù ni, kí wọ́n sì jẹ́ kí a wọ̀n ọjà kí a tó sanwó: ṣé ìyẹn ni ó pọ̀ jù? Ọmọ náà ti gba ẹ̀rọ tí a tún ṣe báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó fọn orin náà láìsí ẹ̀rọ, 74 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sá padà sí, ìyá rẹ̀ sì ti wá bi mí léèrè bóyá orí ọmọ òun ni kò gba orin.