Kì í ṣe oògùn ayédèrú nìkan ló ń gba kòkòrò àgbàdo sílẹ̀

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí àgbẹ̀ bá fín oògùn sí oko àgbàdo tí kòkòrò kò kú, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un. N kò sọ pé oògùn ayédèrú kò sí lọ́jà. Èrò tèmi ni pé a kì í bi ara wa léèrè ohun tí kòkòrò náà ti jogún kí ó tó dé oko wa.

Èyí tí mo ní lọ́kàn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 2016, tí Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ kàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àpapọ̀ jíìnì rẹ̀ (ìlànà inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) jáde ní 2017, wọ́n rí i pé jíìnì tí ó fi ń tọ́ ewéko wò lé ní 200, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 70 ni ti kòkòrò sílíìkì, tí ewé igi kan ṣoṣo jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí jíìnì ṣe ń pọ̀ sí i ni pé ọ̀kan a máa di méjì, èkejì a sì ráyè yí padà láìpa iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ májèlé ni ó yà mí lẹ́nu jù. Àgbàdo ń tọ́jú májèlé sínú ewé rẹ̀, ó sì so ṣúgà mọ́ ọn kí ó má baà pa òun alára lára. Bí kòkòrò bá ti gé ewé náà jẹ, ẹ́ńsáìmù àgbàdo (èròjà inú ara tí ń já nǹkan tàbí so ó pọ̀) á já ṣúgà yẹn kúrò, májèlé á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kòkòrò yìí ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ nínú ìfun, tí ó ń so ṣúgà mọ́ májèlé náà padà ní ọ̀nà òdì, tí ti àgbàdo kò fi lè já a mọ́. Ta ni ó kọ́ ọ? Irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹbí ẹ́ńsáìmù mìíràn tí wọ́n ń pè ní P450, ni kòkòrò tún fi ń sọ oògùn apakòkòrò di aláìlágbára. Nítorí náà, bí a bá ń fín oríṣi oògùn kan ṣoṣo léraléra, àwọn tí jíìnì wọn lè borí rẹ̀ nìkan ni à ń fi sílẹ̀ láti bímọ.

Kí a má sì di gbogbo rẹ̀ ru àlejò. Àgbàdo pàápàá, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa tí ń gbẹ́ inú pòròpórò ti ń jẹ koríko igbó kí àgbàdo tó dé, kí wọ́n tó yà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn máa ṣàlàyé ní ìpàdé àgbẹ̀ ni ẹ̀yà tí oògùn kọ̀ọ̀kan jẹ́, nítorí pé orúkọ ara ìgò méjì lè yàtọ̀ kí ohun tí ń pa kòkòrò nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò lóòótọ́, ní èdè Faransé, ní lẹ́tà wínníwínní tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa kò lè kà.