Kírẹ́díìtì iṣẹ́ ọnà kì í ṣe òfo

Ẹni tó sọ pé yunifásítì kankan kò ní ka àwòrán kíkùn, ìkòkò mímọ àti ère gbígbẹ́ tí èèyàn kọ́ ní community college (ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì) l'Amẹ́ríkà sí, irọ́ ló pa. Ètò ọdún 2 ni fún ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn, nǹkan bíi kírẹ́díìtì 60 (òǹkà tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì téèyàn ti yege), pẹ̀lú oyè associate (oyè tó ṣáájú oyè bachelor's). Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ń gbà á. Lóòótọ́, wọ́n lè má gba gbogbo kọ́ọ̀sì, wọ́n sì lè ní kí ẹ kó iṣẹ́ ọwọ́ yín wá. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.